Àpótí Tí A Ń Jókòó Lé: Bí Ilé Àtijọ́ Kan ní Àjàṣẹ́ Ṣe Tún Gba Ẹrù

Ní ọjọ́ tí ẹbí wa pé jọ láti sọ̀rọ̀ lórí ilé bàbá-ńlá wa ní Àjàṣẹ́, gbólóhùn kan ṣoṣo ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wó ilé náà. Ọ̀kan nínú àwọn àbúrò bàbá wa ni ó sọ ọ́: «Ilé yìí kò gba ẹrù.» Kò sọ pé ilé náà kò lẹ́wà. Kò sọ pé òun kò fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tí ó ní lọ́kàn ni pé ẹni tí ó bímọ mẹ́rin, tí ó ní aṣọ, ìwé, ìkòkò àti ẹní, kò ní ibi tí yóò kó wọn sí nínú ilé àtijọ́ náà. Nítorí ìdí èyí, kí a wó o, kí a fi sìmẹ́ǹtì kọ́ òmíràn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó jókòó níbẹ̀ mi orí pé òótọ́ ni.

Àwa tọkọtaya, tí a jẹ́ olùkọ́, bẹ ẹbí pé kí wọ́n fún wa ní ọdún kan. A ní àwa yóò kó wọ inú ilé náà, a ó sì mọ̀ bóyá ó gba ẹrù tàbí kò gbà á. Ohun tí ọdún náà kọ́ wa ni a fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ óò jogún irú ilé bẹ́ẹ̀ lọ́la, yálà ní Àjàṣẹ́, ní Kétu, tàbí ní Ṣábẹ̀ẹ́.

Irú ilé wo ni?

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ilé náà.

Ilé Àgùdà ni. Gbogbo ọmọ Àjàṣẹ́ ni ó mọ orúkọ yìí. Àwọn Àgùdà ni àwọn tí a kó lẹ́rú lọ sí Bùràsíìlì, tí àwọn fúnra wọn tàbí àwọn ọmọ wọn padà wá sí etíkun wa ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àwọn kan dé lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Mùsùlùmí tó ṣẹlẹ̀ ní Bahia ní ọdún 1835, nígbà tí ìjọba ibẹ̀ lé ọ̀pọ̀ ènìyàn dúdú kúrò nílùú. Àwọn mìíràn ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí di ìgbà tí Bùràsíìlì fòpin sí oko ẹrú ní ọdún 1888, àti lẹ́yìn ìgbà náà. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà àti mọlémọlé tó wà láàárín wọn ni ó sọ ojú pópó Àjàṣẹ́ di ohun tí ó jẹ́: fèrèsé onígi tí afẹ́fẹ́ ń gba àárín rẹ̀ kọjá, òdòdó tí a fi ẹfun mọ sókè ilẹ̀kùn, àwọ̀ òféfèé àti àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú. Mọ́sálásí Ńlá àárín ìlú, tí àwọn Àgùdà Mùsùlùmí kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bahia tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò fi máa ń rò pé òun ti ṣìnà.

Ní ọdún 1996, orílẹ̀-èdè wa kọ orúkọ àwọn àdúgbò àtijọ́ Àjàṣẹ́ àti ààfin rẹ̀ sínú ìwé àwọn ibi tí ó ń fẹ́ gbé síwájú UNESCO. Ohun iyì ni. Síbẹ̀, ìwé kì í gbé òrùlé ró. Ẹni tí ó bá rin àdúgbò wọ̀nyí yóò rí ilé tí igi ti hù láàárín pálọ̀ rẹ̀. Òjò wà nínú ohun tí ó ń ba ilé jẹ́, ẹjọ́ ogún wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àìgbé inú ilé a máa wó ilé ju òjò lọ. Ilé tí ènìyàn ń gbé, wọn yóò rí ibi tó ń jò ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ilé tó ṣófo ń jò fún ọdún mẹ́wàá kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ẹrù kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ilé tí kò rọrùn láti kó ẹrù sí, kò sí ẹni tí yóò gbé inú rẹ̀. Ilé tí ẹnìkan kò gbé, yóò wó.

Ìṣó tí ó kọ́ wa lọ́gbọ́n

Lábẹ́ ẹfun àti àwọ̀, amọ̀ ni ògiri ilé wa. Amọ̀ a máa mí. A máa fa omi mu ní àsìkò òjò, a sì máa tú u sílẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tí ó bá fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ irú ògiri bẹ́ẹ̀, tàbí tí ó fi ọ̀dà olóròóró kùn ún, ó ti dí i nímú: omi yóò há sínú rẹ̀, ògiri yóò sì máa jẹrà láti inú wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni amọ̀ kì í fẹ́ràn ìṣó.

A kò mọ èyí nígbà tí a dé. Ìwé wa pọ̀, àkópọ̀ ìdánwò àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tún wà lẹ́yìn rẹ̀. A ra pákó, a fi ìṣó gígùn kan pẹpẹ ìwé mọ́ ògiri pálọ̀, inú wa sì dùn. Ọjọ́ mọ́kànlá ni pẹpẹ náà lò. Ní òru ọjọ́ kejìlá, a gbọ́ ìró kan bí ẹni pé àgbò já bọ́ láti orí àjà. Ìwé, pákó, ìṣó, àti awẹ́ ògiri kan tí ó tóbi tó àtẹ ìyá alákàrà, gbogbo wọn wà nílẹ̀. Nínú ihò tí ó ṣí sílẹ̀, a rí amọ̀ pupa, a sì rí ojú ìka mẹ́rin ẹni tí ó mọ ọ́n síbẹ̀, kedere bí ẹni pé àná ni ó ṣe é. Àwọn ọmọ wa fi ìka tiwọn sínú rẹ̀. A kò lè bá wọn wí.

Mọlémọlé àgbà kan ni a pè láti tún ibẹ̀ ṣe. Ó po amọ̀, ó gé koríko gbígbẹ sí i, ó fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta kí ó tó fi dí ihò náà. Kò bú wa. Nígbà tí ó ń fọ ọwọ́ nìkan ni ó sọ pé: «Ilé yìí kò bá ẹrù jà. Ohun tí ògiri rẹ̀ kò fẹ́ ni kí ẹ fi ẹrù kọ́ òun lọ́rùn. Ẹ jẹ́ kí ẹrù yín dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀.»

Ohun tí èdè wa ti mọ̀

Gbólóhùn bàbá yìí ni ó rán wa padà sọ́dọ̀ èdè wa. Ní ilé ẹ̀kọ́ Faransé tí a lọ, ọ̀tọ̀ ni «coffre», ọ̀tọ̀ ni «tabouret». Ẹni tí ó bá pe ọ̀kan ní èkejì yóò pàdánù máàkì. Ní èdè Yorùbá, àpótí ni méjèèjì. Ohun tí a ń kó nǹkan sí, àpótí ni. Ohun tí a ń jókòó lé, àpótí ni. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ wọ́n àwọn baba wa. Bí wọ́n ṣe ń gbé ilé ni wọ́n sọ. Ìyá àgbà a máa jókòó sórí aṣọ rẹ̀ láti gba àlejò, àlejò kò sì ní mọ̀ pé orí ọrọ̀ ni ìyá jókòó lé.

Ẹ rántí inú yàrá àwọn ìyá wa ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́. Kò sí «armoire» níbẹ̀, síbẹ̀ gbogbo nǹkan ni ó ní àyè. Ìkòkò tò léra wọn, ńlá nísàlẹ̀, kékeré lókè, ohun tí a kì í lò lójoojúmọ́ sì wà nínú èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Igbá tí a fín, ẹwà ojú ni, ibi ìpamọ́ sì ni. Àgbàdo wà lórí àjà, èéfín ìdáná ń lé kòkòrò kúrò lára rẹ̀. Ohun tí ojú ń rí pé ó dára náà ni ó ń di ẹrù mú. Òótọ́ ni pé ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ṣùgbọ́n kí a tó kó ẹ̀ṣọ́ ròde, inú nǹkan kan ni ó ti wà.

Láti ọjọ́ náà ni a ti ṣe òfin kan fún ara wa: a kò ní ra ohun kan fún ẹwà nìkan, a kò sì ní ra ohun kan tí a ó kan mọ́ ògiri. Ohunkóhun tí yóò bá wọ ilé yìí gbọ́dọ̀ dúró fúnra rẹ̀, kí ó ní inú, kí ojú sì lè gbà á.

Ẹrù àlòkù tí ó di ọ̀ṣọ́

Owó olùkọ́ kì í ra àga tuntun fún ilé oníyàrá mẹ́fà. Nítorí náà, a bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. A lọ sí ọjà Wàndó. A lọ sí Àjàrá, tí wọ́n ń ná lọ́rọọrún. A lọ sí àwọn àgbàlá Kútọnu níbi tí wọ́n ti ń ta tòkunbọ̀ tí ọkọ̀ ojú omi kó dé láti Yúróòpù. Díẹ̀ nínú ohun tí a rí nìyí.

Àkọ́kọ́ ni àpótí páànù, èyí tí gbogbo wa tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gbígbé mọ̀ sí «cantine». A ra mẹ́ta tí ó ti dípẹtà. A fi ìwé ìhagi ha ìpẹtà náà kúrò, a fi ọ̀dà àwọ̀ òféfèé kùn wọ́n, irú èyí tó wà lára fèrèsé. Ìyàwó ilé kejì, tí ó jẹ́ aránṣọ, fi àjákù àǹkárá rán tìmùtìmù tí ó bá ẹnu wọn mu. Lónìí, wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri pálọ̀ bí àga gígùn kan. Aṣọ ìbora, aṣọ ọdún àti aṣọ òtútù ni ó wà nínú wọn. Nítorí pé afẹ́fẹ́ ọ̀sà a máa mú irin dípẹtà, orí pákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ni a gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan kà, kí ìdí wọn má baà kan ilẹ̀.

Èkejì ni tábìlì ẹ̀rọ ìránṣọ Singer kan. Ẹ̀rọ orí rẹ̀ ti lọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ irin rẹ̀ dúró ṣinṣin, dúrọ́ọ̀ kéékèèké mẹ́rin sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. A fi pákó bo ihò orí rẹ̀. Orí rẹ̀ ni a ti ń ṣe àtúnyẹ̀wò iṣẹ́ àwọn ọmọ kíláàsì, inú dúrọ́ọ̀ rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀kì, bírò àti ìwé owó iná wà. Àbíkẹ́yìn wa ń fi ẹsẹ̀ wa ibi ìtẹ̀sẹ̀ rẹ̀ bí ẹni wa ọkọ̀.

Ẹ̀kẹta mú ọkàn wa gbọgbẹ́ díẹ̀. Wọ́n wó ilé Àgùdà kan ní òpópónà tó wà lẹ́yìn tiwa, wọ́n sì ń kó àwọn fèrèsé rẹ̀ sínú ọkọ̀ ẹrù láti lọ fi dáná. A ra mẹ́rin lọ́wọ́ awakọ̀ náà. Gbẹ́nàgbẹ́nà àdúgbò fi pákó ṣe àpótí ìwé tó dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin, ó sì fi àwọn fèrèsé náà ṣe ilẹ̀kùn rẹ̀. Àwọn ìwé tí ó wó ògiri lulẹ̀ ti wà nínú rẹ̀ báyìí. Afẹ́fẹ́ ń gba àárín pákó fèrèsé náà kọjá sí wọn lára, èébú kò sì mú wọn mọ́. Kò sí àlejò tó wọlé tí kì í kọ́kọ́ wo ibẹ̀.

Ẹ̀kẹrin wá láti Àjàrá, ibi tí ìkòkò àti ìlù ti gbayì. Amọ̀kòkò kan ní àmù ńlá méjì tí ẹnu wọn ti là, tí kò lè gba omi mọ́. Ó ta wọ́n fún wa ní ọ̀pọ̀, ó tún ń rẹ́rìn-ín pé kí ni a fẹ́ fi wọ́n ṣe. Ọ̀kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn àbáwọlé, agbòjò wà nínú rẹ̀. Èkejì wà ní igun pálọ̀, ẹní tí a ká àti àwòrán ilẹ̀ tí a fi ń kọ́ ọmọ ní jọ́gíráfì sì wà nínú tirẹ̀.

A tún ṣe àṣìṣe kan. A ra àpótí aṣọ onídìígí kan ní Kútọnu, a san owó ọkọ̀, a sì dé ẹnu àtẹ̀gùn kí a tó mọ̀ pé kò lè gba ibẹ̀ kọjá. Àtẹ̀gùn ilé Àgùdà há, ó sì yí. Ọ̀nà àárín ilé ni àpótí náà wà títí di òní, ìkòkò àti àwo sì ni ó wà nínú rẹ̀. Ó ṣe é lò, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni a fẹ́ ẹ sí.

Kí ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ bá fẹ́ ṣe irú èyí, ẹ gba ìmọ̀ràn díẹ̀ lọ́wọ́ wa. Ẹ wọn ẹnu ọ̀nà àti àtẹ̀gùn, kí ẹ sì kọ ìwọ̀n náà sínú fóònù yín kí ẹ tó lọ sọ́jà. Ẹ fi ìka kan igi náà: igi tó yè a máa dún gbọnmọgbọnmọ, èyí tí kòkòrò ti jẹ yóò dún bí agbè tó ṣófo. Ẹ wo ìdí rẹ̀. Bí ìyẹ̀fun kíkúnná bá wà níbẹ̀, ajẹgi ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ má gbé e wọlé tààrà. Ẹ fi oògùn ikán sí ihò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì dúró kí ó gbẹ níta, nítorí ikán kan ṣoṣo ilé àlejò lè di ikán gbogbo ilé.

Bí ó bá wọlé, ẹ fi àlàfo ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan sílẹ̀ láàárín rẹ̀ àti ògiri, kí ògiri lè máa mí. Bí ilé bá jẹ́ alájà, tí ilẹ̀ òkè rẹ̀ sì jẹ́ pákó, ẹ má ṣe gbé ìwé sí àárín yàrá. Ìwé wúwo ju aṣọ lọ. Ẹ̀gbẹ́ ògiri, níbi tí orí igi àjà ti fẹ̀yìn lélẹ̀, ni kí ẹ to ẹrù wíwúwo sí.

Ìmọ̀ràn ìkẹyìn kò kan igi, ó kan ìwà. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa rí wa bí a ti ń múra ọjà, ó sì ní: «Ẹ máa bèèrè ta ló ni ín tẹ́lẹ̀.» A rò pé ẹ̀rù àjẹ́ ni ó ń bà á. Nígbà tí a dé ọjà ni ó yé wa. Láàárín àga tòkunbọ̀, a rí ère ìbejì, a rí igbá òrìṣà, a rí igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí ọ̀dà ojú rẹ̀ kò tíì ṣá. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí UNESCO kéde ní ọdún 2001 pé ó jẹ́ ogún gbogbo ayé, ẹnìkan fẹ́ kí a fi í kọ́ fìlà. A kò rà á. Ère ìbejì, ọmọ ẹnìkan ni. Kì í ṣe ohun tí a fi ń tẹ ìwé mọ́lẹ̀. Wọ́n tún fi ilẹ̀kùn fífín kan lọ̀ wá, ẹni tó ń tà á kò sì fẹ́ sọ ilé tí ó ti wá. Ẹrù àlòkù dára, ṣùgbọ́n ẹrù tí ẹnìkan yọ kúrò lára ilé bàbá rẹ̀ lóru, bí a bá rà á láti fi ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́, ilé méjì ni a bàjẹ́. Kí ẹ tó lọ sí ọjà rárá, ẹ kọ́kọ́ wo abẹ́ ibùsùn ìyá yín àgbà.

Ìpàdé kejì

Nígbà tí ọdún pé, ẹbí tún wá. Ènìyàn mẹ́tàlélógún ni wọ́n, àga mẹ́jọ péré ni a ní. Kò sí ẹni tó dúró. Wọ́n jókòó sórí àpótí páànù, sórí àpótí ìdí ibùsùn, sórí àtẹ̀gùn. Àbúrò bàbá wa tí ó sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́sí jókòó láàárín, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Pálọ̀ mọ́, ojú ń ríran dé ẹ̀yìnkùlé. Ó ní: «Ó dáa, níbo ni ẹ kó ẹrù yín sí?»

Ìyàwó ilé kúnlẹ̀, ó ní: «Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde díẹ̀.»

Bàbá dìde. A ṣí àpótí tí ó jókòó lé. Aṣọ ìbora mẹ́fà wà nínú rẹ̀, àti fọ́tò àtijọ́ ilé náà tí a rí lórí àjà, tí a fi aṣọ wé. Bàbá mú fọ́tò náà, ó wò ó pẹ́. Àwọn ọmọdé ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, òun náà sì rẹ́rìn-ín nígbẹ̀yìn. Ó ní òun ti jókòó lé ẹjọ́ òun mọ́lẹ̀.

A kò ní parọ́ fún yín pé ọ̀rọ̀ ti tán. Òrùlé ṣì ń jò ní apá ìlà-oòrùn, àpótí kò sì lè dí òrùlé. Àwọn kan nínú ẹbí ṣì ń ro sìmẹ́ǹtì. Ohun tí ìpàdé fẹnu kò lé lórí ni pé a kò ní wó ilé náà, àti pé olúkúlùkù yóò dá owó páànù kí òjò ọdún tó ń bọ̀ tó dé. Àwọn méje ti dá tiwọn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Ọmọ-ọmọ bàbá ni ó wà nínú rẹ̀, ó gbé àpótí igi kan tí ó dúdú fún ọjọ́ orí wá láti Kútọnu. Abẹ́ àtẹ̀gùn ilé wa ni àpótí náà wà nígbà kan rí, bàbá ni ó gbé e lọ nígbà tí ó fẹ́yàwó. Kò kọ ìwé sí i. Abẹ́ àtẹ̀gùn náà ni a dá a padà sí. Bàtà àwọn ọmọ ni ó wà nínú rẹ̀ báyìí, orí rẹ̀ ni wọ́n sì ń jókòó lé láràárọ̀ láti wọ̀ ọ́ kí wọ́n tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́.